Àparò inú igbó kì í gorí ebè

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn sọ n'Ífẹ̀ nìyí, mo kàn tún un tò díẹ̀ ni.)

Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, kò sí àparò tó ga jù kan lọ, àfi èyí tó bá gorí ebè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbọ́ dáadáa: ebè. Àwọn baba wa ò ní àfi èyí tó gorí gbòǹgbò ìrókò o. Àparò tí wọ́n mọ̀, tí wọ́n ń lé nídìí àgbàdo, àparò oko ni, ibi tá a bá ti ṣán igbó tá a kọ ebè ló ti ń rí jẹ. Ti inú igbó yàtọ̀, òun ni mò ń pariwo pé ó ń dín kù. Ìdí tínú fi ń bí mi nìyẹn tẹ́nì kan bá wa mọ́tò láti Ifẹ̀ lọ sí Oǹdó, tó rí méjì tó sá kọjá lójú títì, tó wá ní àparò ṣì pọ̀, kí lẹ̀ ń pariwo fún. Ẹyẹ mí-ìn lẹ rí, ọ̀gá! Bígbó ṣe ń tán nìyẹn ń ráyè, tigbó ń dín kù.

Ẹ jẹ́ ká dé Tàǹsáníà. Ní 1991, àwọn onímọ̀ ẹyẹ láti Dẹ́nmáàkì wà ní àgọ́ nínú igbó orí òkè Udzungwa, wọ́n wo inú ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n rí ẹsẹ̀ ẹyẹ méjì tí wọn ò rírú ẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ nínú ọbẹ̀ o! Ẹni tó gbé ẹyẹ yẹn dédìí ìkòkò ti mọ̀ ọ́n kíwèé tó mọ̀ ọ́n, ohun tí mò ń wí lójoojúmọ́ nìyẹn, ẹ kọ́kọ́ bi ọdẹ. Àparò inú igbó ni, 1994 ni wọ́n tó fún un lórúkọ sáyẹ́ǹsì, Xenoperdix udzungwensis. Kò ju bíi 29 sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹnu ẹ̀ pupa, ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹ́lò, kòkòrò, èèrà àti kóró èso ló ń ṣà jẹ, àwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù, Éṣíà ni wọ́n wà. IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ àwọn ẹranko àti igi tó lè run, kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu, torí ibi tó ń gbé kéré, wọ́n sì ń gé igbó ẹ̀, wọ́n tún ń pa á.

Mo fẹ́ bọ́ sórí ìbátan ẹ̀ tó wà lórí òkè Rubeho, ní Tàǹsáníà náà, ni bàbá ọdẹ kan bá nawọ́: "Ṣé ọdẹ ló wá pa á tán ni?"

Mo ní bàbá, wáyà pańpẹ́ ń dín in kù lóòótọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá pa kan tígbó ṣì wà, èyí tó kù á yé, á pa ọmọ. Tígbó bá lọ, ibo ló máa yé sí?

Bàbá ní àwọn ní àparò inú igbó tàwọn níbí o, àyà akọ ẹ̀ dúdú, funfun tótòtó wà lára ẹ̀, ìdí gbòǹgbò igi ńlá ló ń yé sí, ẹyin méjì péré. Mo yọ fóònù, mo fi fọ́tò àparò inú igbó tó ń jẹ́ Peliperdix lathami hàn án. "Òun gan-an nìyí!" Èyí wà láti Sierra Leone títí dé Uganda, IUCN ò tíì kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu, àmọ́ wọ́n ní ó ń dín kù.

Àkókò ti lọ, mi ò lè parí gbogbo ẹ̀. Mo ṣáà bi bàbá níbi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn. Wọ́n ní igbó Ṣàṣà, kí wọ́n tó gégi ibẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀, èmi àti wọn la jọ ń lọ.