Òórùn Bẹntiróòlù Lára Ọkọ̀: Bí A Ṣe Ń Tọpa Rẹ̀ Dé Ibi Tó Ti Ń Jò

Ẹ káàbọ̀ o. Ọkọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wò lẹ́yìn mi yìí, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí òórùn bẹntiróòlù ti ń jáde lára rẹ̀. Ẹni tó ni ín ti pààrọ̀ ìdérí táǹkì, ó ti ní kí wọ́n fọ ẹ́ńjìnì, òórùn ò lọ. Bó ṣe gbé e dé ọ̀dọ̀ mi lónìí, òórùn ọ̀hún ò sí níbẹ̀ mọ́ rárá, ẹ̀rù sì ń bà á pé mo lè rò pé àròsọ ló ń sọ. Mo gbà á gbọ́. Àìsí òórùn lónìí gan-an wà lára ohun tó máa jẹ́ ká rí ibi tó ti ń jò.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ìgbà wo lẹ máa ń gbọ́ òórùn yẹn?" Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ìbéèrè yìí, torí òun ló ń gbà mí lọ́wọ́ iṣẹ́ òfo.

Tó bá jẹ́ àárọ̀ ni, nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí ọkọ̀, tí òórùn sì ń dín kù bí ẹ́ńjìnì ṣe ń gbóná, ẹ fura sí àwọn rọ́bà róbótó tó wà nídìí injector, ìyẹn ẹnu kékeré tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnì. Rọ́bà tó ti gbó máa ń le, òtútù á mú kó sún kì, epo á ráyè yọ́ jáde. Tí ooru bá dé, á wú, á sì dí àlàfo náà padà. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn sáiléńsà nìkan lẹ ti ń gbọ́ ọ, ó lè má sí ohun tó ń jò rárá. Epo tí kò jóná ni, plọ́ọ̀gì ni kẹ́ ẹ lọ wò. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo kábúrétọ̀, tí òórùn ń jáde lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá paná ọkọ̀ tó ti gbóná, inú kábúrétọ̀ yẹn ni epo ti ń hó.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rọ epo kún táǹkì ni, apá ẹ̀yìn ni iṣẹ́ wà: ọrùn táǹkì, họ́ọ̀sì tó so ọrùn náà mọ́ táǹkì, àti rọ́bà orí pọ́ǹpù epo tó wà nínú táǹkì. Ojú tó là lókè táǹkì kò ní jò àfi tí epo bá ga dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí epo bá ti wálẹ̀ sí ìdajì, òórùn á pòórá, onímọ́tò á rò pé ó ti tán. Ẹ gbọ́ èsì tí ẹni yìí fún mi: ọjọ́ tó bá ra epo ni, inú ọkọ̀ ló sì ti máa ń le jù, àwọn ọmọ tó ń jókòó lẹ́yìn ló kọ́kọ́ ráhùn. Epo tó wà nínú táǹkì lónìí kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

Mo ti ní ibi tí mo fura sí. Síbẹ̀ mi ò ní fò lọ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ọkọ̀ wà: ìta gbangba, ẹ́ńjìnì ti tutù. Gáàsì tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní bí ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Kì í gòkè, ilẹ̀ ló ń rìn, ó ń wá ibi tó kòtò bíi ti omi, ó sì lè lọ bá iná tó wà lọ́nà jíjìn. Òtútù kì í dá a dúró, torí bẹntiróòlù ṣì lè gbaná níbi tó tutù dé bíi 40 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Nítorí náà, tọ́ọ̀ṣì LED ni mo mú dání. Gílóòbù onígíláàsì tó ń gbóná, tó bá já bọ́ tó fọ́, wáyà pupa inú rẹ̀ ti tó láti dáná sílẹ̀. Ẹ̀rọ apaná oníyẹ̀fun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ẹ má gbára lé omi o, orí omi ni bẹntiróòlù máa léfòó sí, iná á sì máa bá a tàn ká.

Tẹ́ ẹ bá rí epo tó ń kán, ẹ má ṣáná sí ọkọ̀ yẹn. Ẹ má wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kódà kó jẹ́ ìkóríta kejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá bá a níbi tó wà.

Tiwa yìí ò kán. Mo ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí afẹ́fẹ́ fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Mo yọ fíúùsì pọ́ǹpù epo, mo ṣáná sí i, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó kú fúnra rẹ̀. Ohun tí mo ṣe yẹn, agbára tó ti epo mọ́ inú páìpù ni mo tú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tú orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò.

Ó yá, ká wo iwájú. Imú máa ń tètè mọ òórùn lára, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́, nítorí náà ẹ máa rìn kúrò níbẹ̀ lọ mí, kẹ́ ẹ sì padà. Ojú ló sàn jù. Bẹntiróòlù máa ń gbẹ kíákíá, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ipa sílẹ̀: eruku á ṣí kúrò lójú kan, tàbí kí àbàwọ́n bí àwọ̀ tíì wà lára irin. Tíṣù funfun ni mo fi ń tẹ gbogbo oríkèé páìpù báyìí. Ìdí injector gbẹ. Họ́ọ̀sì tín-ín-rín tó wà lórí regulator epo, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń díwọ̀n agbára epo nínú páìpù, mo fà á yọ: kò sí epo nínú rẹ̀. Ká ní ó wà ni, awọ inú regulator ti ya nìyẹn. Ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, ọ́ìlì lásán ni. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ bẹntiróòlù lórí ọ̀pá yìí, tí ọ́ìlì sì ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má lo ẹ́ńjìnì yẹn.

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀: fílítà epo dára, klíìpù rẹ̀ le. Agolo èédú tó ń gba gáàsì táǹkì náà gbẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní kí wọ́n fi epo díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ilé epo ti dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, inú agolo yìí ni ẹ̀kún yẹn ń lọ. Gáàsì ni wọ́n ṣe é fún, epo ṣíṣàn á bà á jẹ́, á sì máa rùn.

Ẹ bá mi gbé ìjókòó ẹ̀yìn. Mo tú ìdérí irin yìí, orí pọ́ǹpù epo ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ súnmọ́ ọn, ẹ wò ó! Eruku gbẹ níbi gbogbo, àfi apá ọ̀tún yìí tó ṣú, tó sì lẹ̀ mọ́ ara. Aṣọ ni mo fi wé orí páìpù kí n tó yọ ọ́, torí epo díẹ̀ ṣì lè kù. Igi ni mo fi ń gbá òrùka tó di pọ́ǹpù mú yìí, irin lu irin lè ta iná.

Rọ́bà rẹ̀ rèé. Ó ti tẹ̀, ó sì ká lójú kan. Wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ǹpù yìí rí, rọ́bà àtijọ́ ni wọ́n dá padà. Ó dùn mí, torí àwọn ọmọ ló ń jókòó lórí ibí yìí. Rọ́bà tí epo ti mú wú kì í jókòó dáadáa mọ́ tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́. Ẹ má sì fi gọ́ọ̀mù sílíkónì lásán dí i, bẹntiróòlù á rọ̀ ọ́.

Mo fi aṣọ gbígbẹ nu ojú ihò náà, mo fi rọ́bà tuntun sí i, mo dá òrùka padà títí ó fi dé ojú àmì. Fíúùsì, bátìrì. Mo yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì ṣáná, pọ́ǹpù kùn fún bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Tíṣù gbẹ.

Kò tíì parí o. Táǹkì tó kún ló ń jò, táǹkì tó kún náà la máa fi dán an wò. A rọ epo títí ẹ̀rọ fi dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, a ò fi ẹyọ kan lé e. Mo tún fi tíṣù yí i ká, mo wá ti ilẹ̀kùn gbogbo títí di òwúrọ̀.

Òwúrọ̀ ti mọ́ báyìí. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ki orí bọ inú rẹ̀, ó mí sínú lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbọ́ nǹkan kan. Eruku ibẹ̀ gbẹ, mo sì ti ń dá ìjókòó padà sáàyè rẹ̀.