Bí a ṣe ń wọn orí fún EEG kí iṣẹ́ abẹ wárápá tó bẹ̀rẹ̀

Òkun o, ẹ̀yin ará Kabba, Mọ̀pà, Ìsánlú, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ EEG, ìyẹn fífi wáyà lára orí ka iná ọpọlọ. Ẹni tó ti lo oògùn wárápá méjì tó bá a mu déédéé, tí gìrì kò sì lọ, ó yẹ ká wò ó bóyá iṣẹ́ abẹ lè ràn án lọ́wọ́. Ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ibo nínú ọpọlọ ni gìrì yìí ti ń bẹ̀rẹ̀?

Irun la máa kọ́kọ́ mójú tó. Kí wọ́n ti tú u láti alẹ́ àná, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n má fi àdí tàbí ìpara kankan sí i. Oògùn aláìsàn náà ńkọ́? Kó máa lò ó lọ, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Ẹ mú tépù. Láti kòtò òkè imú, ẹ fà á gba àárín orí dé egungun tó yọ ní ìpàkọ́. Ti ọmọbìnrin tí a ń yẹ̀ wò lónìí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 34. Ẹ fi bírò sàmì sí 3.4 (10% rẹ̀) láti iwájú, kí ẹ wá máa fi 6.8 (20%) sún lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, 3.4 ló máa ṣẹ́ kù. Ẹ tún wọ̀n ọ́ láti etí dé etí. Ojú àmì wọ̀nyí la máa lẹ wáyà mọ́. Ètò 10-20 tí Herbert Jasper gbé jáde ní 1958 nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀ rárá! Bí wáyà bá yẹ̀, ibi tí kì í ṣe ibẹ̀ lẹ máa tọ́ka sí fún dókítà.

Ẹ fi jẹ́ẹ̀lì ha awọ orí títí ẹ̀rọ á fi fi hàn pé ìdènà kò tó kilo-ohm 5. Ẹ fọwọ́ kàn án láìbẹ̀rù, wárápá kì í ràn. Ẹ pa fáànù, ẹ yọ ṣájà: iná ìjọba a máa da ìlà rú.

Ẹ wo kọ̀ǹpútà báyìí. Ìlà ń rọra lọ, ó ṣàdédé yọ ṣóńṣó. F8, T4 àti T6 ni orúkọ ibi mẹ́ta tí a lẹ wáyà sí. Ní F8 sí T4, ó kọjú sísàlẹ̀. Ní T4 sí T6, ó kọjú sókè. T4 tó so wọ́n pọ̀, lókè etí ọ̀tún, ló ti le jù.

Ẹ má tíì sọ fún ìyá rẹ̀ pé a ti rí ibi tí wọ́n máa gé. Fídíò-EEG tó bá gìrì gan-an lójú iṣẹ́, àti MRI (àwòrán inú ọpọlọ tí ẹ̀rọ yà), gbọ́dọ̀ tọ́ka síbì kan náà. Bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan, àwọn dókítà lè ki wáyà bọ inú ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ìrètí wà. Nínú ìwádìí kan láti Kánádà tó jáde ní 2001, lórí ènìyàn 80 tí gìrì wọn ń ti ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ wá, 58% àwọn tí wọ́n yàn fún iṣẹ́ abẹ ló bọ́ lọ́wọ́ gìrì tó ń gba iyè lọ́dún kan lẹ́yìn náà, 8% péré nínú àwọn tó dúró lórí oògùn.

Kí ẹ tó tú wáyà, ẹ kọ ọ́ bóyá ó sùn. Fáìlì gan-an ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe ìwé títẹ̀ nìkan, kí wọ́n lè yí ìlà náà wò bó ṣe wù wọ́n.