Owó Ìforúkọsílẹ̀ Kọ́ Ni Ìtọrẹ: Eré Ìje fún Ìyá àti Ọmọ l'Ákùúrẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹ fẹ́ kópa nínú eré ìje kìlómítà 5 tí a fi ń kówó jọ fún ìlera àwọn aboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́ nílùú Àkúrẹ́ níbí, inú mi sì dùn sí i gidigidi. N kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí bàtà àti aṣọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà ni mo fẹ́ kí a dúró sí.

Wọ́n á san owó ìforúkọsílẹ̀, wọ́n á gba aṣọ eré, wọ́n á sì gbà pé àwọn ti ṣe ìtọrẹ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: OWÓ ÌFORÚKỌSÍLẸ̀ KỌ́ NI ÌTỌRẸ! Níbi ọ̀pọ̀ irú eré báyìí, inú owó yẹn ni wọ́n ti ń ra omi, tí wọ́n ti ń tẹ nọ́ńbà tí a ń lẹ̀ mọ́ àyà. Bí aṣọ ẹbí ló rí. Ẹni tí ó ra aṣọ ẹbí, tí ó rán an, tí ó wọ̀ ọ́ dé òde, tí ó jẹun, tí ó sì padà sílé, ti yẹ́ olóde sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì fi kọ́bọ̀ lé e lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn aṣọ ẹbí púpọ̀, pàápàá bí gèlè bá bá a mu, síbẹ̀ n kì í ka rírà rẹ̀ mọ́ ẹ̀bùn.

Nítorí náà, kí ọjọ́ eré tó pé, ẹ tọ àwọn ènìyàn yín lọ: ọ̀gá yín níbi iṣẹ́, ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ìyá tí ẹ ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ l'Ọ́jà Ọba. Ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kìlómítà 5 ni mo fẹ́ sá; èló ni ẹ ó san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan?" Bí ènìyàn 20 bá ṣèlérí ₦200 lórí kìlómítà kan, ₦20,000 nìyẹn láti ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo! Ẹ kọ orúkọ àti iye sílẹ̀, kí wọ́n sì san án tààrà sínú àkáǹtì ètò náà.

Kí ni owó náà lè ṣe? Ibí ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbóná lára mi. Ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ wà lára ohun tí ó ń pa abiyamọ jù, ojú lásán kì í sì í tètè mọ iye ẹ̀jẹ̀ tí ó ti lọ, nítorí aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì ti fà á mu. Nínú ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa, wọ́n tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ ìyá ọlọ́mọ, ọ̀rá tí ó ní àpò nísàlẹ̀, tí a fa ìlà sí lára, kí nọ́ọ̀sì lè rí i nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dé ibi ewu. Kíá, wọ́n á fọwọ́ ra ilé-ọmọ, wọ́n á fún un ní oògùn tí ń mú ilé-ọmọ sún kì àti èyí tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò, láìfi ọ̀kan dúró de èkejì. Àpapọ̀ ìsun ẹ̀jẹ̀ tí ó le, iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀ àti ikú tí ó tibẹ̀ wá fi ìdá 60 nínú 100 dín kù. Ọ̀rá tí a fa ìlà sí ni mo ń wí!

Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí. Ní 2009, nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Mímikò, ètò Abíyè, tí ó wà fún ìlera àwọn aboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ́rẹ, wọ́n sì ṣí ilé-ìwòsàn ìyá àti ọmọ l'Ákùúrẹ́ ní 2010. Ṣùgbọ́n oògùn a máa tán, ọ̀rá náà a sì máa tán, nítorí náà ẹ bi àwọn olùṣètò léèrè ilé-ìwòsàn tí owó yín ń lọ àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi rà.

Ní ọjọ́ eré, ẹ má ṣe bá àwọn ọ̀dọ́ tú pùú ní ìbẹ̀rẹ̀; ẹ rọra sá kìlómítà àkọ́kọ́ débi pé ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì ti parí, kí ẹ tó lọ wẹ̀, ẹ fi àwòrán yín níbi ìparí eré ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ó ṣèlérí, pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì náà, kí wọ́n lè san án kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.