Bàálù Tòkunbọ̀ Náà Ní Pátíkúlá

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní gbọ̀ngàn kan ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, nìyí. Mo tún un tò fún kíkà, àmọ́ mi ò yọ ìbéèrè tó gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ mi kúrò.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti FUTA wá, ẹ kú ìjókòó.

Kò sẹ́ni tó máa ra mọ́tò tòkunbọ̀ nílùú yìí tí kò ní mú mẹkáníìkì dání. Mẹkáníìkì á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á ka nọ́ńbà ṣáásì, á fọwọ́ ra abẹ́ ilẹ̀kùn bóyá wẹ́ẹ́dà ti jó o rí. A ó béèrè pátíkúlá. Bí orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í bá ṣe ti ẹni tó ń tà á, olúwarẹ̀ á ṣàlàyé títí a ó fi gbà. Ṣùgbọ́n tó bá ti di bàálù kékeré, àwọn olówó wa á wo ọ̀dà, wọ́n á jókòó lórí àga aláwọ inú rẹ̀, wọ́n á sì sanwó. Ìkẹjà ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí títún bàálù ṣe kí n tó padà wálé, ohun tí mo sì fojú rí níbẹ̀ ló gbé mi dúró síwájú yín.

Ohun kan ni mo ní láti sọ. Ọjọ́ tí bàálù bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ọjọ́ náà ni kí a lajú wò ó jù lọ. Àwọn kan nínú àwa oníṣẹ́ yìí kò yé sọ pé ọjọ́ orí bàálù ni ewu. Wọn ò tọ̀nà, mo sì ti sọ ọ́ lójú wọn. Láti 1956 ni wọ́n ti ń ta Cessna 172. Ó ti lé ní 44,000 tí wọ́n ti ṣe, kò sì sí irú bàálù mìíràn tí wọ́n ṣe tó o. Púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà ju awakọ̀ tó ń wà wọ́n lọ, wọ́n ṣì ń gbéra láàárọ̀, wọ́n ń padà nírọ̀lẹ́. Bí ìtọ́jú bá pé, tí ìwé rẹ̀ sì pé, ogbó kì í pa bàálù.

Ìwé wo? Mẹ́ta ni: ti ara bàálù, ti ẹ́ńjìnnì, ti abẹ̀bẹ̀ iwájú. Wákàtí tó fò, ohun tí wọ́n pààrọ̀, àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti jáde. Nọ́ńbà ara bàálù lè yí padà. Tó bá wà ní Amẹ́ríkà, N ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá wá sọ́dọ̀ wa, á di 5N. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí àwọn tó ṣe é tẹ̀ sára páànù kékeré kan kì í yí. Òun ni ṣáásì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú bàálù kan. Beechcraft Bonanza 35 ni, èyí tí ìrù rẹ̀ dà bí lẹ́tà V. Nọ́ńbà rẹ̀ ni N3794N, ṣáásì rẹ̀ ni D-1019. Oṣù kẹwàá 1947 ni wọ́n ṣe é. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1958, ilé iṣẹ́ bàálù kan ní Mason City, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, rà á. Ìwé rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, wọ́n ti tún un tò, wákàtí 40 péré ló sì tíì ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Mẹkáníìkì tó ní láísẹ́ǹsì ló ń tọ́jú rẹ̀. Ká ní wọ́n gbé e wá bá mi, ǹ bá fọwọ́ sí i.

Ní òru ọjọ́ kẹta oṣù kejì 1959, nígbà tí aago kan òru kò tíì lù, bàálù yìí gbéra lọ sí Fargo. Àwọn olórin mẹ́ta ló gbé, Buddy Holly, Ritchie Valens àti J.P. Richardson. Awakọ̀ wọn kò ju ọmọ ọdún 21 lọ. Kò rìn tó máìlì mẹ́fà tó fi já sínú oko. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kú.

Yìnyín ń bọ̀ lóru náà, ilẹ̀ ṣú, kò síná nísàlẹ̀, kò sí ìràwọ̀ lókè. Nínú irú òkùnkùn yẹn, etí èèyàn á máa purọ́ fún un. O lè máa tẹ̀ sọ́tùn-ún kí ara rẹ sọ fún ọ pé o nàró. Àwọn aago iwájú awakọ̀ nìkan ló kù láti gbà gbọ́, awakọ̀ yìí sì ti gbìyànjú ìdánwò aago wíwò ní oṣù kẹta 1958, kò yege. Wákàtí 711 ló ti fò láyé rẹ̀, 128 nínú rẹ̀ sì jẹ́ nínú Bonanza. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Aago tó ń sọ bóyá imú bàálù wà lókè tàbí nílẹ̀, Sperry F3 ni èyí tó wà nínú bàálù yẹn. Oríṣi mìíràn ló fi kọ́ṣẹ́. (Mo bọ́ fìlà mi níbí, mo gbé e sójú àwọn èèyàn.) Ẹ wo etí fìlà yìí, ẹ kà á sí ìlà tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé. Nínú aago tó mọ̀, tí imú bàálù bá gòkè, ìlà á sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀. Nínú Sperry F3, òdìkejì ni, bẹ́ẹ̀. Ẹni tí èkínní ti mọ́ lára, tó wá gbójú lé èkejì nínú òkùnkùn, lè máa sọ̀ kalẹ̀ kó rò pé òun ń gòkè. Àwọn aṣèwádìí kọ ọ́ sínú àbọ̀ wọn pé èyí lè wà lára ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ tó lè bá a di bàálù mú wà nínú rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀ ni, kò sì tíì ṣeé lò.

Oṣù méje ni bàálù náà ti wà lọ́wọ́ àwọn tó rà á. Wọ́n gba ìwé, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́. Ta ló gba ìmọ̀ aago yẹn fún ọmọkùnrin yìí? Ẹ tún wo ti John Kennedy kékeré, ọmọ ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà kan: Piper Saratoga, 1995 ni wọ́n ṣe é, oṣù kẹrin 1999 ló bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù keje ọdún kan náà ló gbé òun, ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ wọ òkun lóru. Wọn ò rí nǹkan kan tó bàjẹ́ lára bàálù náà kó tó já.

Tèmi fúnra mi rèé. Wọ́n gbé Piper kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé wá fún mi ní Ìkẹjà kí n fọwọ́ sí i. Mo ṣí ìwé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ojú ìwé 11, ojú ìwé 12, lẹ́yìn náà 17. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ibi ìdì ìwé, etí bébà tí wọ́n ya ṣì yọ gángan níbẹ̀ bí eyín ọmọ ọwọ́. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ṣì ń rùn. Aṣojú ẹni tó rà á ní, “Ẹnjiníà, bàálù yìí fò dé láti òkè òkun, ṣé ó já ni?” Mo dá ìwé padà fún un. Wọ́n wá ẹlòmíì, ó fọwọ́ sí i. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo ti fẹ́ bọ́ sórí kókó kejì, ìyẹn orúkọ ẹni tó ni bàálù, nígbà tí ìyá kan dìde lẹ́yìn. Ó ní, “Ẹnjiníà, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ọjọ́ tí wọ́n ń gbé òkú Àgàgù, gómìnà wa tẹ́lẹ̀, bọ̀, mo wà ní pápákọ̀ òfuurufú wa lọ́nà Ọ̀wọ̀. A ti wọṣọ, a ti tò. Ẹ ń sọ ti Iowa. Tiwa yẹn ńkọ́? Ṣé ìwé ni, àbí awakọ̀?”

Mo ká bébà mi. Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá 2013. Embraer 120 ni bàálù tó gbé òkú náà, 5N-BJY, 1990 ni wọ́n ṣe é. Èèyàn 20 ló wà nínú rẹ̀ nígbà tó já. Àwọn tó kú níbẹ̀ ju àwọn tó yè lọ, Dèjì Fálaè, kọmíṣọ́nà wa, sì wà lára àwọn tó lọ. Bàálù náà kìlọ̀ fún wọn. Bí wọ́n ṣe fún un níná lórí títì Ìkẹjà, ohùn inú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n pé flaps kò sí bó ṣe yẹ, ìyẹn apá kékeré tó máa ń yọ lẹ́yìn ìyẹ́ kó lè gbé e sókè. Aago abẹ̀bẹ̀ kan ń sọ ohun tí kò yẹ. Ẹ́ńjìnnì kan kò lágbára tó, ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ ló ṣe ségesège, àwọn aṣèwádìí kò sì rí ìdí rẹ̀ fà yọ. Awakọ̀ kejì béèrè bóyá kí wọ́n dúró. Wọn ò dúró. Àbọ̀ ìwádìí fi ìpinnu pé kí wọ́n máa lọ yẹn sí ìdí ọ̀rọ̀.

Mama, èyí kò bá ohun tí mo ń sọ mu tán, mo gbà. Kò sẹ́ni tó ra bàálù lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n háyà rẹ̀. Ẹni tó bá háyà bàálù, ó ti gbà á sọ́wọ́ fún ọjọ́ kan, bàálù ti yí ọwọ́ padà nìyẹn. Ẹni tó rà á ráyè yẹ ìwé wò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó háyà rẹ̀, wákàtí kan kò sí fún un, pàápàá tó bá jẹ́ òkú ló ń gbé tí gbogbo ìlú sì ń retí. Mi ò tíì rò ó báyìí rí títí ẹ fi béèrè.

Alága ti ń fi aago hàn mí, mo wá sáré. Ní 2024, NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Nàìjíríà, dá ìwé àṣẹ bàálù aládàáni ilé iṣẹ́ mẹ́ta dúró, torí wọ́n ń fi bàálù tí kò yẹ kó gbowó gbé èrò olówó. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ háyà. Bàálù tí N wà lára rẹ̀ ńkọ́? Àlejò tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tí kò sì ní ìwé ìgbélùú níbẹ̀, kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, báńkì tàbí ilé iṣẹ́ kan ló máa bá a dì í mú. Orúkọ tí ẹ bá rí nínú àkọsílẹ̀ bàálù Amẹ́ríkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè má jẹ́ ti ẹni tó ń sanwó ìtọ́jú. Ọdún tí wọ́n ṣe é àti ṣáásì rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi fóònù yín wò ó kí ẹ tó wọlé.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba máíìkì lọ́wọ́ mi. Ìyá náà dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ háyà hẹlikópítà fún ìgbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀, kí n kọ ohun tó máa béèrè fún òun. Mo yí ìwé ètò náà síkejì, mo kọ ọ́ sí i: nọ́ńbà rẹ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é, ìwé àṣẹ háyà, ọjọ́ tó fò kẹ́yìn, orúkọ ẹnjiníà tó fọwọ́ sí i láàárọ̀ náà. Ó ká a, ó fi sínú gèlè.