Ẹnu Ààrò Onígi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin òǹwòran wa. Bí gáàsì ṣe wọ́n yìí, ọ̀pọ̀ ilé ní Àkúrẹ́ ló ti padà sídìí igi. Tí ẹ bá fẹ́ ra ààrò onígi, irú èwo ló yẹ kí ẹ gbé?

Ẹ fi ti ọ̀dà dídán sílẹ̀ ná. Ẹnu ààrò ni kí ẹ wò. Ẹ wo èyí tó wà níwájú mi yìí: wọ́n fi pẹpẹ irin kékeré sí ẹnu rẹ̀. Orí pẹpẹ yìí ni igi ń sùn lé, atẹ́gùn á sì máa gba abẹ́ rẹ̀ lọ bá iná. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ kúrò. Ṣé ẹ rí i? Igi àti eérú ti dí gbogbo ẹnu rẹ̀, èéfín ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Igi tí kò jóná tán ló ń di èéfín yẹn, owó yín ló sì ń bá a lọ, ká tó wá sọ ti ojú àti ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ wo inú. Ó yẹ kí ihò rẹ̀ wọlé láti iwájú, kó wá ṣẹ́rí sókè tààrà sídìí ìkòkò, bí ìgbà téèyàn ká apá. Larry Winiarski, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ìlànà yìí kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé kí ló wà láàárín irin inú àti irin ìta. Eérú dáa, torí kì í jẹ́ kí ooru sá lọ. Irin kan ṣoṣo á kàn máa mú ilé ìdáná gbóná ni, á sì tètè jẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìkòkò yín dání lọ sí Ọjà Ọba. Ẹ gbé e lé orí ààrò náà. Àlàfo tó tó ìka kan yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀, kí iná lè mí.

Ní ti igi, ààrò kankan ò lè bá yín gbọ́ ti igi tútù. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè jẹ́ omi, iná á sì kọ́kọ́ bá omi yẹn jà. Ẹ̀ka kòkó tí àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè àti Oǹdó ń rẹ́ dáa gan-an tó bá ti gbẹ. Kò tóbi jù fún ẹnu ààrò. Ègé pákó láti sọ́míìlì náà dáa, àmọ́ ẹ má fi èyí tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tàbí tí wọ́n fi oògùn kòkòrò sí dáná.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù rèé: tí ọyẹ́ bá dé, àwọn kan máa ń gbé ẹ̀yinná wọ yàrá kí ara lè móoru. Ẹ má dán an wò! Bí ẹ ò tiẹ̀ rí èéfín, afẹ́fẹ́ carbon monoxide ń jáde lára rẹ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ojú oorun ló sì ti ń pa èèyàn. Ìta lábẹ́ òrùlé ni kí ààrò yín wà. Tí òtútù bá ń mú àwọn ọmọ, ẹ wá aṣọ tó nípọn bò wọ́n.