Ẹ̀dà Ọ̀rọ̀ Lásán Ni `#include` Ń Ṣe

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ níbikíbi tí wọ́n bá ti fún mi láyè ni mo tún bá wá: nínú èdè C, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ lásán ni `#include` ń ṣe. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́ dénú ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà compiler, ètò tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ.

Tí preprocessor, ìpele tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ compiler, bá pàdé `#include "lcd.h"` nínú main.c, á ṣí lcd.h, tó jẹ́ header (fáìlì ìkéde), á da gbogbo ohun tó bá níbẹ̀ sójú ìlà yẹn. Kò ní yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé tàbí kò pé. Odidi ọ̀rọ̀ gígùn kan ló máa dé iwájú compiler.

Ẹ wò ó báyìí. Ìlà tó gbẹ̀yìn lcd.h ni `void lcd_init(void)`, ẹni tó kọ ọ́ sì gbàgbé `;`. Nínú main.c, `int main(void) {` ló tẹ̀ lé `#include`. avr-gcc, ìyẹn compiler GCC fún chip AVR, á ní: `expected '=', ',', ';', 'asm' or '__attribute__' before '{' token`, ìlà `main` ló sì máa nàka sí. Ẹ wo main títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ò ní rí nǹkan kan, torí kò sóhun tó ṣe é. lcd.h ló ṣẹ̀, main ni wọ́n mú. C àtijọ́ ló fà á: ó gbà kí èèyàn kéde àwọn parameter (ohun tí function ń gbà wọlé) láàárín orí function àti àmì `{`. Ìdí nìyẹn tí compiler fi ka `int main(void)` mọ́ ara `lcd_init`, títí ó fi kan `{`.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ ka ohun tí compiler kà: `avr-gcc -mmcu=atmega328p -E main.c -o main.i`. Ẹ ṣí main.i, ẹ kọjá sí ìsàlẹ̀ tààrà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiyín máa ń wà. Ẹ ó rí `lcd_init` àti `main` tí wọ́n tẹ̀ léra, tí kò sí nǹkan kan láàárín wọn ju ìlà tó fi `#` bẹ̀rẹ̀ lọ, èyí tó ń sọ fáìlì tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ẹ má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú `-mmcu` yẹn. Òun ni avr/io.h, header tó ń mú orúkọ inú chip wá, fi ń mọ̀ pé iom328p.h ló yẹ kí òun mú wá. Ẹ fi orúkọ chip mìíràn síbẹ̀, àṣìṣe `undeclared` (orúkọ tí a kò kéde) lè ya dé lórí kóòdù tí kò lábùkù.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wọn: "Fi include guard sí i," ìyẹn ìlà bíi `#ifndef TIMER_H` tí kì í jẹ́ kí header kan wọ inú fáìlì .c kan lẹ́ẹ̀mejì. Àìsàn yòówù kó jẹ́, oògùn yẹn náà ni. Mo ti ń takò wọ́n tipẹ́, mi ò sì tíì dẹwọ́.

Ibí ni arábìnrin kan ti nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fi guard sí gbogbo header mi, síbẹ̀ `multiple definition of 'iye'` kò lọ."

Mo gbé ìwé mi tì, torí ìbéèrè yìí ju ohun tí mo kọ wá lọ. `volatile uint8_t iye = 0;` ló wà nínú timer.h rẹ̀, main.c àti timer.c sì ń pè é. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni compiler ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn fáìlì .c. Nígbà tó bá máa mú timer.c, kò rántí pé òun ti rí `TIMER_H` rí. Main.o, tí compiler ṣe látinú main.c, á ní `iye` tirẹ̀, timer.o á ní tirẹ̀, ìjà á sì bẹ́ níwájú linker, ètò tó ń so àwọn fáìlì .o pọ̀. Guard kò lè là á. `extern volatile uint8_t iye;`, tó kàn ń kéde `iye` láìdá a sílẹ̀, ni kó wà nínú header, kí ìlà tó ní `= 0` wà nínú timer.c nìkan. Tó bá jẹ́ `volatile uint8_t iye;` lásán ló wà nínú header, láìsí `= 0` àti `extern`, GCC tẹ́lẹ̀ máa ń gbójú fò ó. Láti GCC 10, tó jáde ní 2020, kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni iṣẹ́ àtijọ́ fi ń kọ̀ lẹ́yìn tí a bá pààrọ̀ compiler.

Ó tún ní: "Ṣùgbọ́n sà, nígbà tí mo kọ `#include "timer.c"` sínú main.c, tí mo yọ timer.c kúrò nínú project, ó ṣiṣẹ́."

Yóò ṣiṣẹ́, torí fáìlì méjèèjì ti di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí uart.c náà bá pe timer.c, ìjà náà á padà. Ọjọ́ tí IDE, app tí a fi ń kọ kóòdù, bá sì tún kó timer.c mọ́ ohun tó ń kọ́, bó ṣe máa ń rí, á padà. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ní kóòdù máa ń kéré sí i bẹ́ẹ̀. `-flto`, tó ń jẹ́ kí compiler dín kóòdù gbogbo fáìlì kù lápapọ̀, wà nínú GCC láti 4.5, ní 2010. Ẹ lò ó.

Aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, ẹ jẹ́ kí n sáré. `No such file or directory`: ẹ wo `-I`, tó ń sọ ibi tí a ti ń wá header, ẹ sì wo lẹ́tà ńlá àti kékeré, torí Lcd.h kì í ṣe lcd.h lórí Linux. `undefined reference`: linker ló ń sọ̀rọ̀, kò rí ohun tí ẹ pè, ẹ wò ó bóyá fáìlì .c yẹn wà nínú ohun tí ẹ kọ́. Tó bá wà níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé inú .ino ti Arduino lẹ ti ń pè é, C++ ni .ino, ó sì máa ń yí orúkọ function padà: ẹ fi `extern "C"` yí ìkéde inú header ká, kí `#ifdef __cplusplus` sì ṣọ́ ọ.