Ojú Yíǹkì Sísàlẹ̀!

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹ wo bọ́ọ̀dù circuit ọwọ́ mi yìí dáadáa, ìyẹn bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ tí iná ń gba orí àwọn ìlà bàbà rẹ̀ kọjá. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀nà iná (ìlà bàbà) kan sí èkejì kò ju 0.25 mílímítà lọ, síbẹ̀ wọn ò kanra. Inú ilé ni mo ti ṣe é, ìmọ́lẹ̀ ni mo sì fi ṣe é.

Mo gbà pé ẹ ti ya circuit yín tán lórí kọ̀ǹpútà, ẹ sì ti fọ ojú bọ́ọ̀dù tí bàbà bò títí tó fi ń dán. Ó yá.

Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ iṣẹ́ yìí dé ìdajì. Àwọn ìyá wa l'Ábẹ́òkúta á fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọnà sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á wá rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní mú un. Fíìmù búlúù tí wọ́n ń pè ní dry film yìí, ẹ̀kọ gan-an ni lójú mi! Ibi tó bá bò, ferric chloride, kẹ́míkà tó ń jẹ bàbà, ò ní lè jẹ bàbà ibẹ̀. Iná UV (ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí) ló wá ń ṣe iṣẹ́ ìyẹ́ adìẹ: ibi tó bá tàn sí á le, ibi tí yíǹkì bá ṣíji bò á ṣàn dànù. Nítorí náà, lórí ọ̀rá àwòrán yín, ìyẹn ọ̀rá tí ẹ tẹ circuit yín sí, ọ̀nà iná ló máa mọ́ gaara, ibi yòókù á dúdú.

Lábẹ́ iná yẹ́lò, ẹ bó awọ inú fíìmù, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ bàbà. Ẹ fi awọ òkè sílẹ̀ ná.

Ẹ dúró! Ibí ni gbogbo èèyàn ti ń ṣì í. OJÚ TÍ YÍǸKÌ WÀ NI KÓ KAN FÍÌMÙ! Ọ̀rá àwòrán nípọn tó 0.1 mílímítà. Tí yíǹkì bá wà lókè, ìmọ́lẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, ọ̀nà iná á fẹ̀, á lọ lẹ̀ mọ́ èkejì. Bí bọ́ọ̀dù chájà kan ṣe bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Gbogbo ẹsẹ̀ IC, ègé dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ orí bọ́ọ̀dù, ló so pọ̀, odidi òru kan ni mo fi ń fi abẹ yà wọ́n.

Ẹ fi èékánná họ etí ọ̀rá: ojú tó bá ṣí ni yíǹkì wà. Èmi máa ń kọ “ÒKÈ” sí igun ojú bàbà nínú àwòrán. Tí mo bá da yíǹkì délẹ̀, tí mo sì rí “ÒKÈ” kà tààrà, ó ti bọ́ sí i. Tó bá yí bí ìwé inú dígí, ẹ tún un tẹ̀. Ẹ wá gbé gíláàsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo tún wí o: YÍǸKÌ SÍSÀLẸ̀!

Iná UV tí àwọn aṣèékánná ń lò tó. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rúnrún bọ́ọ̀dù tí ẹ ti lẹ fíìmù mọ́ dán an wò: ẹ fi páálí bò ó, kí ẹ máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ bí mo ṣe máa sọ yìí, ibi tí ọ̀nà iná bá ti yọ kedere jù lọ ló máa sọ àkókò iná yín.

Ẹ wá bó awọ òkè. Gíráàmù 10 soda ash nínú lítà omi kan, ẹ rọra fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ẹ má lo caustic soda níbí o! Gbogbo fíìmù ló máa bó.

Lẹ́yìn náà, ẹ rì í sínú ferric chloride. Inú ike ló ń gbé, kì í ṣe abọ́ irin. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì dà á sí gọ́tà. Tó bá ti jẹ bàbà tó ṣí sílẹ̀ tán, ìgbà yẹn gan-an ni caustic soda wúlò, kó bó fíìmù tó kù. Ẹ gbé bọ́ọ̀dù yín sójú fèrèsé báyìí: ẹ ó rí oòrùn tó ń yọ láàárín àwọn ọ̀nà bàbà, lọ́kọ̀ọ̀kan.